Etíkun Tí Àlhájà Zubaidah Yàn

Àlhájà Zubaidah, aládùúgbò mi ní Erunmu, kò fojú kan òkun rí. Nígbà tí wọ́n wọ bàálù lọ sí Mẹ́kà pàápàá, wọ́n ní oorun ni àwọn sùn lọ, oorun ni àwọn sùn bọ̀. Síbẹ̀, lọ́dún tó kọjá, àwọn ni wọ́n yan etíkun tí ọmọ wọn máa lọ fi ìsinmi ṣeré. Ojú mi ló ṣe, torí èmi ni mò ń bá wọn ka ohun tó bá wọlé sórí fóònù.

Safwan ni ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí. Ó ti lo ọdún mẹ́fà nílùú òyìnbó láìwálé, ibẹ̀ ló sì ti kọ́ eré kan: èèyàn á dúró lórí pátákó gbọọrọ, ìgbì òkun á máa gbé e bọ̀ sétí omi. Ó ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ wálé fún ọjọ́ mẹ́wàá, òun á sì yọ ọjọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀ fún eré náà. Ó kọ orúkọ etíkun mẹ́ta: Tarkwa Bay l'Ékòó, Grand-Popo lẹ́yìn Kútọnu, àti Busua ní Gánà. "Màmá mi, ẹ bá mi yan ọ̀kan níbẹ̀." Ọmọ náà ń ṣàwàdà ni. Ìyá rẹ̀ kò mọ àwàdà nínú ọ̀rọ̀ ọmọ.

Mo fi fídíò eré náà hàn wọ́n. Wọ́n wò ó títí.

"Tísà, ta ló ń lé wọn?"

Mo ní kò sẹ́ni tó ń lé wọn.

"Kí ni wọ́n wá ń sá fún?"

Ohun kan ṣoṣo ló ká Àlhájà lára: ọjọ́ mélòó nínú mẹ́wàá ni Safwan máa lò lọ́dọ̀ àwọn? Wọ́n ní òkun kò gbọdọ̀ gbà ju mẹ́ta lọ. Mo ní ìyẹn ò le, kó lọ sí Tarkwa Bay. Èkó ò jìnnà, tó bá lọ lónìí, á padà lọ́la.

"Ta la mọ̀ níbẹ̀?" ni wọ́n bi mí.

A ò mọ ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní kí n fagi lé e. Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ ìwádìí, bí ẹni ń wádìí ilé àna. Wọ́n bi àwọn ará mọ́sáláṣí, wọ́n bi awakọ̀ tó ń bá wọn kó èlùbọ́ tí wọ́n ń tà lọ sí ọjà Moniya. Àwọn kan rántí ọkùnrin ará Erunmu kan tó gbé Grand-Popo, ṣùgbọ́n ó ti kú. Àlhájà ní òkú ò lè bá ni gbọ́únjẹ. Mo tún fagi lé e.

Ó wá ku Busua. Roheem, ọmọ àbúrò bàbá wọn, tí èmi pẹ̀lú rẹ̀ jọ ka ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ń ta páàtì ọkọ̀ ní Takoradi nítòsí ibẹ̀, ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún. Ojú Àlhájà là. Tísà jọ́gíráfì ni mí, mo sì sọ tẹnu mi: ibẹ̀ ló jìnnà jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

"Tísà, ibi tí ẹni ẹni wà kì í jìnnà. Tí kò bá léèyàn níbẹ̀, omi á dá a dúró. Roheem á sọ fún un pé ó tó, kó máa bọ̀ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Èèyàn laṣọ."

Wọ́n pe Roheem lójú mi. "Tọ́jú ọmọ mi bí ọmọ tìẹ o."

Safwan dé, ó sùn ọjọ́ méjì l'Erunmu. Ìyá rẹ̀ di èlùbọ́ àti ilá gbígbẹ sínú báàgì rẹ̀ fún Roheem, ọmọ náà sì gbọ̀nà Gánà lọ. Àdéhùn ọjọ́ mẹ́ta la jọ ṣe.

Lọ́jọ́ kẹta ìrìnàjò náà, ó pè. "Màmá mi, mi ò tíì rí omi o." Roheem ń mú un kí àwọn Yorùbá ìlú náà láti ilé dé ilé. Nígbà tó di Jímọ̀, wọ́n fi í han gbogbo mọ́sáláṣí. Lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n ń sọ ọmọ-ọmọ Roheem lórúkọ, wọ́n ní àlejò ńlá ò gbọdọ̀ lọ kí wọ́n tó pa àgbò. Ọjọ́ kẹfà ìrìnàjò náà ló tó dé Busua, òun àti èèyàn mọ́kànlá nínú bọ́ọ̀sì. Ó gun ìgbì kan. Ìyàwó Roheem figbe ta létí omi pé kó jáde kí òtútù má pa á, ó sì jáde.

Roheem fi fọ́tò kan ránṣẹ́. Safwan jókòó lórí ẹní láàárín àwọn ọmọ Roheem, ìyàwó Roheem ń bu ẹran kún àwo rẹ̀. Roheem kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ọmọ wa." Àlhájà ní kí n ka ìyẹn lẹ́ẹ̀kejì. Mo kà á, ojú sì ń tì mí bí ẹni pé èmi ni mo kọ ọ́.

Wọ́n pe Roheem, wọ́n fi ìbínú sọ̀rọ̀ sí i. Roheem ò tiẹ̀ bínú. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kí n tọ́jú rẹ̀ bí ọmọ tèmi? Ṣé ọmọ mi á sùn ọjọ́ mẹ́ta kó sì máa lọ?" Àlhájà pa fóònù náà.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹsàn-án nínú ọjọ́ mẹ́wàá rẹ̀ ni Safwan padà dé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọkọ̀ tó máa gbé e lọ pápá ọkọ̀ òfuurufú ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá rẹ̀, ó ní, "Màmá mi, ẹ̀yin náà lẹ máa yan tọdún tó ń bọ̀ o." Wọ́n gbá a mọ́ra, wọn ò tètè fi í sílẹ̀.

Nígbà tí ọkọ̀ náà lọ tán, Àlhájà fi ìborùn nu ojú, wọ́n sì kọjú sí mi.

"Tísà, ẹ bá mi wá etíkun tí a ò mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀."