Bí Ẹ̀gbọ́n Mi Adití Ṣe Yan Tẹlifíṣọ̀n ní Ìbàdàn

Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ọjọ́ Sátidé ni mo kan ilẹ̀kùn ẹ̀gbọ́n mi ní Igbódìgò, nítòsí Òkìtìpupa. Ìyàwó rẹ̀ ni ó gbọ́ kíkàn náà, nítorí adití ni ẹ̀gbọ́n mi. Nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, mo rí i pé ọkùnrin náà ti wọ bàtà, ó ti dé fìlà, ó sì jókòó sórí àpótí kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri bí ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ fi sílẹ̀.

"Láti aago mẹ́ta ló ti jókòó síbẹ̀," ni ìyàwó rẹ̀ wí.

Akínṣọlá ni orúkọ rẹ̀, Bọ̀ọ̀dá Akin ni èmi ń pè é. Káfíńtà ni. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni nígbà tí ibà dá a dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, nígbà tí ara rẹ̀ sì yá, etí rẹ̀ méjèèjì ti di. Nítorí pé ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ kí etí tó di, ó ń sọ̀rọ̀ bíi tiwa, àfi pé ohùn rẹ̀ kì í lọ sókè sódò bó ṣe yẹ. Ohun tí ẹlòmíràn bá sọ, ẹnu onítọ̀hún ni yóò tẹjú mọ́ títí yóò fi mọ̀ ọ́n. Bí o bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, kọjú sí i, má sì jẹun lọ́wọ́.

Tẹlifíṣọ̀n ni a ń lọ rà. Láàárín àwọn ọdún 1990 ni, nígbà tí ẹni tó bá ní aláwọ̀ mèremère ládùúgbò wa ṣì ń gba àlejò lálaalẹ́. Nígbà tí ó kọ́kọ́ sọ ọ́ jáde, àwọn ará ilé rẹ́rìn-ín. Kí ni adití fẹ́ fi tẹlifíṣọ̀n ṣe? Èmi náà bi í, kí n má purọ́. Ó ní:

"Èyí tí mo máa ń wò lọ́dọ̀ aládùúgbò, ojú àwọn ènìyàn inú rẹ̀ dà bí èyí tí wọ́n da eérú sí. N kì í rí ẹnu wọn. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni ẹ fi ń rẹ́rìn-ín tán kí ẹ tó sọ ohun tí ẹ ń rín fún mi. Mo fẹ́ èyí tí ẹnu inú rẹ̀ mọ́ kedere. Bí n kò bá rí irú rẹ̀, màá gbé owó mi padà wálé, kí wọ́n máa fi mí rẹ́rìn-ín lọ."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Olùkọ́ ni mí ní Òkìtìpupa, mo sì lọ́rẹ̀ẹ́ ní Ìbàdàn, ni mo bá ní kí a jọ lọ. (Ẹ̀ka èdè Ìkálẹ̀ ni èmi àti òun ń sọ síra wa ní gbogbo ọ̀nà; mo kọ ọ́ báyìí kí gbogbo ènìyàn lè kà á.)

Ọ̀kadà gbé wa dé gáréèjì Òkìtìpupa ní ogún náírà ẹnì kọ̀ọ̀kan. Láti ibẹ̀ dé Ọ̀rẹ̀, ogójì náírà. Ilẹ̀ mọ́ bá wa ní Ọ̀rẹ̀, a ra bọ̀ọ̀lì àti ẹ̀pà, a sì wọ ọkọ̀ Ìbàdàn ní àádọ́jọ náírà. Ọ̀nà Ọ̀rẹ̀ sí Oǹdó kò dára. Kòtò kan wà níbẹ̀ tí àwọn awakọ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ wò kí wọ́n tó wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n Bọ̀ọ̀dá Akin ń gbádùn ara rẹ̀. Àwọn ọkọ̀ agégẹdú ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, bí ó bá sì ti rí ìtì igi tó wà lẹ́yìn wọn, yóò dárúkọ rẹ̀: ìrókò, àfàrà, ọ̀mọ̀. Àwọn èrò bẹ̀rẹ̀ sí í bi í léèrè, wọ́n ń nawọ́ sí igi. Kí a tó dé Ifẹ̀, gbogbo ọkọ̀ ti mọ̀ pé èyí tí wọ́n fi ń ṣe àga kọ́ ni wọ́n fi ń ṣe òrùlé.

Ọ̀sán ti ń pọ́n nígbà tí a wọ Ìbàdàn. Ẹ̀yin tí ẹ kò dé ibẹ̀ rí, òrùlé tó dípẹtà ni ẹ ó kọ́kọ́ rí, lórí òkè àti nínú àfonífojì, kò lópin. Kò sí odò nítòsí ilé bíi tiwa, eruku pupa ló gba gbogbo rẹ̀. A ra omi lọ́wọ́ obìnrin kan ní gáréèjì. Obìnrin náà dúpẹ́, ẹ̀gbọ́n mi sì fà mí sí ẹ̀gbẹ́.

"Bọ́lá, kí ló ṣe ẹnu obìnrin yẹn? 'Ẹ ṣé' ló yẹ kí ó sọ, ṣùgbọ́n ètè rẹ̀ kò yọ síwájú. 'Ẹ sé' ni mo rí."

Mo rẹ́rìn-ín títí. Mo ṣàlàyé fún un pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ Ìbàdàn ṣe ń sọ ọ́, pé bí tiwa bá jẹ́ "iṣu", tiwọn á jẹ́ "isu". Èmi tí etí mi là, ọdún mẹ́ta ni mo fi kàwé níbẹ̀ kí n tó mọ̀ ọ́n dáadáa. Òun kò tí ì lò tó wákàtí kan.

Ìsọ̀ tí ọ̀rẹ́ mi júwe fún wa wà ní Dùgbẹ̀. Alhaji kan ló ni ín, ọkùnrin sísanra tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ọ̀rọ̀ sì dá lẹ́nu rẹ̀ ṣáká. Tẹlifíṣọ̀n tò láti ilẹ̀ dé àjà. Ṣùgbọ́n méjì péré ni wọ́n gbé sórí tábìlì oníaṣọ funfun ní àárín ìsọ̀, àwọn ni ọba inú wọn. Halman lórúkọ èkíní, láti Jámánì; ó fẹ̀, agbóhùn ńláńlá méjì wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí etí erin. Kisada lórúkọ èkejì, láti Jàpáànù. Kò sí ọ̀ṣọ́ kankan lára rẹ̀. Iye kan náà ni wọ́n, ẹgbàá mẹ́rìndínlógún náírà.

Èmi ni Alhaji kọjú sí. "Màdáámù, ẹ wò ó. Halman! Ẹ jẹ́ kí n tan ohùn rẹ̀." Ó yí i sókè. Ilẹ̀ mì, gíláàsì ń gbọ̀n, àwọn tó ń kọjá lójú títì dúró. "Bí ẹ bá gbé èyí délé, àdúgbò yín ò ní ra rédíò mọ́!"

Ẹ̀gbọ́n mi gbé àtẹ́lẹwọ́ lé agbóhùn náà, ó rẹ́rìn-ín bí ọmọdé, ó sì mú ọwọ́ kúrò. Èmi ti ń dúnàá dúrà. Hẹ́dímásítà wa ní Halman nílé, mo sì ti pinnu nínú ọkàn mi láti Òkìtìpupa. Mo gbọ́ ara mi tí mo ń sọ fún Alhaji pé, "Èyí ló máa tẹ́ ẹ lọ́rùn."

Ọwọ́ kan bà mí léjìká.

"Bọ́lá," ni ẹ̀gbọ́n mi wí, "ta ló fẹ́ máa wò ó?"

Ojú tì mí dé ilẹ̀. Ó kọjá lára mi, ó dúró níwájú Alhaji.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa ohùn rẹ̀."

"Kí n pa ohùn rẹ̀ kẹ̀? Ohùn yẹn gan-an lẹ fẹ́ sanwó fún!"

"Adití ni mí, Alhaji."

Ohùn rẹ̀ gba gbogbo ìsọ̀. Àwọn oníbàárà yíjú padà. Ojú Alhaji rọ̀, ó mú èmi sí ẹ̀gbẹ́, ó ní kí n jẹ́ kí òun fi olówó pọ́ọ́kú kan hàn wá, dúdú àti funfun, pé ìyẹn ti tó irú wọn. Ó gbàgbé pé ẹ̀gbọ́n mi ń wo ẹnu òun.

"Èmi kọ́ ni 'irú wọn' o," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Ẹ fi àwọn méjèèjì sí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan náà, ibi tí wọ́n bá ti ń sọ Yorùbá. Ẹ pa ohùn méjèèjì. Ẹ fi òmíràn síbẹ̀ lẹ́yìn ìsọ̀, kí ẹ lọ tẹ́tí sí i. Mo fẹ́ wo èwo ni yóò bá mi sọ̀rọ̀."

Alhaji rẹ́rìn-ín, ó sì ṣe é bí ó ti wí. Òun fúnra rẹ̀ kọjá sẹ́yìn ògiri pátákó, níbi tí tẹlifíṣọ̀n kékeré kan wà, ó rẹ ohùn ìyẹn sílẹ̀, ó fi etí tì í. Bí kò bá rí nǹkan kan kà, ojú wo ni yóò fi wọ Igbódìgò padà?

Ètò àwọn abiyamọ ló ń lọ lọ́wọ́. Obìnrin kan tó kun ètè ń fi bí a ṣe ń po omi iyọ̀ àti ṣúgà fún ọmọ tó ń yàgbẹ́ hàn. Bọ̀ọ̀dá Akin kọ́kọ́ dúró níwájú Halman. Ó fún ojú pọ̀, ó sún mọ́ ọn, ó tún fà sẹ́yìn.

"Ó ń sọ nípa omi... igo... mi ò rí ìyókù. Pupa ètè rẹ̀ ń ṣàn kọjá ẹnu. Mi ò rí eyín, mi ò rí ahọ́n."

Ó kọjá síwájú Kisada. Ó dúró. Mo rí i tí èjìká rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ti ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ó ń tẹ̀ lé obìnrin náà gbólóhùn kan dé èkejì.

"Ẹ̀yin ìyá, ẹ fọ ọwọ́ yín kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ se omi náà kí ó hó, kí ẹ jẹ́ kí ó tutù. Ṣíbí ṣúgà mẹ́wàá. Ṣíbí iyọ̀ kan péré, ẹ má jẹ́ kí ó ju ẹyọ kan lọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni!" ni Alhaji kígbe láti ẹ̀yìn. "Ohun tó wí nìyẹn! Ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀!"

"Ẹ tọ́ ọ wò. Bí ó bá ní iyọ̀ ju omijé lọ, ẹ dà á nù." Ẹ̀gbọ́n mi dúró, ó sì yíjú sí wa, ojú rẹ̀ ń tàn. "Ọmọ Ìbàdàn ni obìnrin yìí. Ó ń ṣọ́ ẹnu rẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbàgbé lẹ́ẹ̀kan. 'Síbí' ló pè é."

Ìsọ̀ bú sẹ́rìn-ín àti àtẹ́wọ́. Alhaji sáré jáde láti ẹ̀yìn, ó di mọ́ ọn. "Ọmọ Ọjà'ba ni! Mo mọ bàbá rẹ̀! Kí lẹ fi rí ìyẹn?" Lẹ́yìn náà, òun gan-an tó jẹ́ ọmọ Ìbàdàn ló bẹ̀rẹ̀ sí í fi "sé" àti "síbí" ṣe yẹ̀yẹ́ ara rẹ̀.

Bàbá àgbà kan tó ti fẹ́ sanwó Halman gba owó rẹ̀ padà lórí tábìlì. "Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá, ẹ bá mi yan tèmi," ni ó wí. Mẹ́ta ni ẹ̀gbọ́n mi bá àwọn ẹlòmíràn yẹ̀ wò kí a tó kúrò níbẹ̀. Alhaji yọ ẹgbàá kan náírà kúrò nínú iye tiwa, ó sì fi éríà lé e lọ́fẹ̀ẹ́. Ìgbà tó ń kọ rìsíìtì, ó bi ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀ pé kí ni orúkọ rẹ̀. Èmi kò dá sí i.

Ilé Títí ọ̀rẹ́ mi ni a sùn. Mo bèèrè púpúrú, ó ní kí ni ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo ní ẹ̀gẹ́ tí a gún, tí a mọ rìbìtì, tí a yan lórí èéfín ni. Ó ní àwọn kò gbọ́ ọ rí. Ẹ̀kọ àti ọ̀lẹ̀lẹ̀ ló fún wa, ìyẹn mọ́ínmọ́ín tí a mọ̀, ó sì dùn.

Òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú ni a ṣẹ́rí padà. Dẹ́rẹ́bà ní páálí náà tó ènìyàn kan, a sì san àádọ́jọ fún un bí ènìyàn. Tẹlifíṣọ̀n jókòó sáàárín wa, ẹ̀gbọ́n mi na apá yí i ká. A fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Oǹdó nígbà tí ó ké lójijì pé:

"A kò ní bọ́ sílẹ̀ ní Oǹdó o! Ọ̀rẹ̀ la sanwó dé!"

Ọkọ̀ yà bàrà. Dẹ́rẹ́bà tẹ bíréèkì, ó yíjú sẹ́yìn, ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Ó ti ń sọ wúyẹ́wúyẹ́ fún ẹni tó jókòó tì í pé òun yóò já wa sílẹ̀ ní Oǹdó kí òun lè padà sí Ìbàdàn. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ lẹ́yìn, àwa ẹni mẹ́wàá elétí. Inú díńgí iwájú ọkọ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ti rí ẹnu rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú," ni dẹ́rẹ́bà wí. Títí a fi dé Ọ̀rẹ̀, ó ń rọra wọ kòtò bí ẹni gbé ẹyin.

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni a wọ Igbódìgò. Wọ́n ti ń dúró dè wá. Ẹ̀gbọ́n mi so éríà mọ́ irin gígùn kan, ó rì í mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilé, ó yí i títí ó fi mú ilé iṣẹ́ Àkúrẹ́ dáadáa. Èmi jókòó, mo ń wò ó, mo sì ń ronú nípa ọjọ́ tí a bi í ní ìbéèrè tí èmi sì ti bá a dáhùn: lọ́jà, ní ṣọ́ọ̀ṣì, lọ́dọ̀ dókítà. Àánú ni mo pè é. Ohun tí ìrìn àjò yìí kọ́ mi ni pé kí n pa ẹnu mi mọ́, kí n sì jẹ́ kí ẹni tó ni ọ̀rọ̀ sọ ọ́.

Nígbà tí ìròyìn Yorùbá bẹ̀rẹ̀, iyàrá ti kún dé ẹnu ọ̀nà. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí òjò fi dé. Ẹ̀yin ará ilé mọ òjò tiwa, ẹ sì mọ bó ṣe ń rí lórí páànù. Wọ́n yí ohùn tẹlifíṣọ̀n sókè títí kò lè yí mọ́. Kò ran nǹkan kan. Àwa tí etí wa là jókòó, à ń wo ọkùnrin inú rẹ̀ tí ẹnu rẹ̀ ń ṣí, tó ń padé.

Ìyá àgbà kan tó jókòó níwájú ló kọ́kọ́ yíjú. Ó tọ́ ẹ̀gbọ́n mi lórúnkún, ó la ẹnu dáadáa kí ó lè rí i. "Akínṣọlá, kí ló wí?"

Bọ̀ọ̀dá Akin dìde. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kisada rẹ̀, ó gbé ohùn sókè ju òjò lọ.

"Ó ní gómìnà ti padà láti ìrìn àjò. Ó ní kí àwọn àgbẹ̀ wá gba ajílẹ̀. Ó ní..." Ó na ọwọ́ sókè. "Ẹ dúró. Ọ̀nà wa ni. Ó ní wọ́n máa da ọ̀dà sí ọ̀nà Igbódìgò!"

Ilé hó yèè. Àwọn tó wà lóde lábẹ́ òjò bẹ̀rẹ̀ sí í jó kí wọ́n tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kò tilẹ̀ wo ijó wa. Ó ti yíjú padà sí tẹlifíṣọ̀n, ó na ọwọ́ kan sẹ́yìn sí wa pé kí a fara balẹ̀, ìròyìn kò tí ì parí.