A Kì í Kí Àgbà Látorí Ẹṣin

Bàbá mi ní òfin kan nípa ẹṣin: bí o bá rí àgbà lọ́nà, sọ̀ kalẹ̀ kí o tó kí i. Láàárọ̀ Iléyá, láti ilé wa ní Ṣakí dé yìdí, àgbà ló máa ń kún ọ̀nà. Màá sọ̀, màá dọ̀bálẹ̀, màá tún gùn ún, eruku á sì ti bo agbádá mi kí ìmáàmù tó kírun. Inú máa ń bí mi gan-an. Nísinsìnyí, bí mo bá rántí bí bàbá mi ṣe ń fọwọ́ gbọn eruku yẹn kúrò láyà mi, ó máa ń ṣe mí bíi kí n padà di ọmọdé.

Orí ọ̀kadà ni ẹ̀yìn mi ti bàjẹ́, lọ́nà Ìgànná. Mo ń tẹnu mọ́ ọn nítorí gbogbo àdúgbò ló ti dá ẹṣin lẹ́bi, ẹṣin ò sì ṣe nǹkan kan. N'Ìbàdàn, wọ́n la ẹ̀yìn mi, wọ́n fi irin àti ìṣó so eegun méjì pọ̀ kí wọ́n lè jinná di ọ̀kan. Dókítà ní n ò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀, n ò gbọdọ̀ gbé ẹrù. Ti ẹṣin ńkọ́? Ó ní ká ṣì máa wò ó.

Ìrora náà pọ̀, n ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó dùn mí jù ni pé n ò lè dọ̀bálẹ̀ mọ́. Èmi ọmọ Ṣakí, mo ń kí àgbà lóòró bí òpó iná! Bàbá kan wò mí tòkè-tilẹ̀, ó ní, "Ìwọ náà ti di ọ̀gá." Ṣé kí n ká ẹ̀wù sókè fi àpá hàn án ni?

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí a ń pè ní Bàbá Àgbà, ló ń tọ́jú ẹṣin náà láti ìgbà tí bàbá mi ti kú, tó fi í sílẹ̀ fún mi. Àwọn èèyàn ní kó tà á. Ó ní, "Ẹni tó ni ín ò tíì dìde ni." Nírọ̀lẹ́, màá fi ọ̀pá rìn lọ síbẹ̀, màá jókòó sórí pẹpẹ amọ̀ iwájú ilé rẹ̀, màá máa gbọ́ bí ẹṣin ṣe ń jẹ ewé ẹ̀pà. Òórùn ẹṣin yẹn, òórùn bàbá mi ni.

Nígbà tó ju ọdún kan lọ, dókítà wo fọ́tò eegun mi. Ó ní mo lè gùn ún, jẹ́jẹ́ ni o, n ò sì gbọdọ̀ fò sílẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, Bàbá Àgbà ti lọ sóko kí a tó dé ilé rẹ̀. Ìyàwó mi bá mi di ẹṣin ní gàárì, ó ń kùn. Orí pẹpẹ ni mo dúró sí tí mo fi gùn ún.

Mo gba ọ̀nà oko. Ọkà bàbà ti gbó lọ́tùn-ún lósì. Wọ́n ní ẹni tó gẹṣin tí kò ju ìpàkọ́, ẹṣin tó gùn á bá a jù ú. Èmi ò ju nǹkan kan, ẹ̀rù ń bà mí. Ẹṣin ló bá mi jù ú. Mo ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú mi.

Àfi bí mo ṣe rí Bàbá Àgbà níwájú, ó gbé àdá kọ́ apá, ó ń bọ̀. Bí mo bá sọ̀, kò sí pẹpẹ nínú igbó tí màá fi gùn ún padà, irin ẹ̀yìn mi sì lè yẹ̀. Bí n ò bá sọ̀, irú ọmọ wo ni bàbá mi tọ́? Mo bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ẹsẹ̀ kan.

Bàbá Àgbà dúró, ó wò mí. Ló bá kẹ̀yìn sí mi, ó dojú kọ oko, ó ń wo ìdí ọkà bí ẹni tí nǹkan sọnù mọ́ lọ́wọ́. Kò yíjú padà títí mo fi kọjá.

Nígbà tí mo dá ẹṣin padà, ó ti wà lórí pẹpẹ, ó ń pa ẹ̀pà. Ó sún kí n lè ráyè sọ̀ síbẹ̀.

"Bàbá, ẹ má bínú. Lọ́nà oko lẹ́ẹ̀kan, n ò sọ̀ kí yín."

Kò gbójú sókè.

"N ò rí ẹ o," ó ní. "Lọ́la náà, n ò ní rí ẹ."