Ìgbéyàwó Ọ̀pọ̀lọ́ Egbert

Bí ẹ bá béèrè Egbert Humphries onígbàjámọ̀ lọ́wọ́ àwọn ará Old Bank, ìlú wa létí òkun, ẹ̀rín ni wọn yóò kọ́kọ́ rín kí wọ́n tó júwe ilé. Egbert sanra, ó sì fẹ́ràn ijó dé ibi pé bí ó bá ń gẹrun fún ènìyàn, ìdí rẹ̀ kì í gbé jẹ́ẹ́. Etí oníbàárà bíi mélòó kan ti fara gbá nínú ijó náà. Àfi bí ó bá rí ọ̀pọ̀lọ́ pupa ni yóò dúró gbagidi bí òpó.

Àwọn àgbà ní ọ̀pọ̀lọ́ kì í sáré ọ̀sán lásán. Ti erékùṣù wa yàtọ̀. Ọ̀sán gangan ni tiwa ń jáde, ó pọ́n bí ata, kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ, kò sì bẹ̀rù ẹnikẹ́ni, nítorí oró wà lára rẹ̀. Lọ́jọ́ tí Egbert gbé méjì wọlé láti ìdí igi àgbọn rẹ̀, orí àga ni Ismelda ìyàwó rẹ̀ gùn lọ.

"Baba Dayra! Oró lo kó wọ ibi tí mo ti ń se oúnjẹ?"

"Fara balẹ̀, Ìyá Dayra. Èèrà inú igbó tó ń jẹ ló ń fún un lóró. Tó bá pẹ́ lọ́dọ̀ wa, tí kò rí irú èèrà yẹn jẹ mọ́, oró á máa dínkù."

"Á máa dínkù! Kí n máa dúró dè é lórí àga níbí?"

"Ta ló ní kó o fọwọ́ kàn án?"

Egbert gba àpótí onígíláàsì kan tí oníbúrẹ́dì kan ti pa tì. Ó tẹ́ ewé gbígbẹ sí i, ó gbin àwọn ewéko tó jọ ọ̀pẹ̀ òyìnbó, irú èyí tí omi òjò máa ń dúró sí kọ̀rọ̀ ewé wọn. Oúnjẹ wọn ńkọ́? Kòkòrò tíntìntín tó ń fò lórí ọ̀gẹ̀dẹ̀ jíjẹrà ni. Ismelda, tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ bá eṣinṣin jà, wá rí i pé ọkọ òun ń sìn wọ́n nínú ìgò. Ó wo òkè, ó wo ilẹ̀, ó dé ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀ pinpin.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Egbert ń fá irùngbọ̀n Winsel apẹja lọ́wọ́ níwájú ilé nígbà tó yọjú wọlé wo àpótí. Àwọn méjèèjì ti dì mọ́ra, àyà sí àyà! Ó sáré bọ́ síta pẹ̀lú abẹ lọ́wọ́.

"Ẹ wá o! Wọ́n ń ṣègbéyàwó!"

Àdúgbò dà sílé. Winsel náà wọlé tòun ti ọṣẹ lẹ́nu. Ẹnì kan gbé búrẹ́dì alágbọn dé, wọ́n ti ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ti ń kọrin ìyàwó, kí Mis Ovalin, ìyá àgbà tó ń gbé ilé kejì, tó tẹjú mọ́ gíláàsì. Nínú àpótí, àwọn ọ̀pọ̀lọ́ náà ń dún kíríkírí bí ìrẹ̀.

"Egbert, ṣé àwọn méjèèjì ló ń kọrin yìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Ayọ̀ ìgbéyàwó ni."

"Ayọ̀ kẹ̀! Akọ nìkan ló ń kọrin nínú wọn. Akọ méjì lo tì mọ́ yàrá kan. Ìjàkadì ni wọ́n ń jà, ọmọ mi! Wò ó, ẹ̀yìn ọ̀kan ti balẹ̀!"

Ẹ̀rín sọ gbogbo wọn sílẹ̀ yakata. Winsel rẹ́rìn-ín títí ọṣẹ fi wọ̀ ọ́ nímú. Láti ọjọ́ náà, Egbert kò lè kọjá ní èbúté kí wọ́n má kígbe pé, "Ẹ kú ìnáwó o, bàbá ìyàwó!" Òun náà á sì dáhùn pé, "Ẹ kú àdúrótì o!"

Ó dá akọ kan padà sí ìdí igi àgbọn, ó jókòó sórí igi tó wó, ó ń wo èyí tí kò kọrin tó ń rìn tọ olórin lọ. Abo nìyẹn, òun ló gbé wálé. Kò pẹ́, ẹyin bọ́ sórí ewé. Akọ kò kúrò nítòsí. Ó ń fi omi ara rẹ̀ rin wọ́n kí wọ́n má baà gbẹ.

Ismelda, tó ti sọ̀ kalẹ̀ lórí àga tó sì ti dé ẹnu ọ̀nà, ní: "Baba Dayra, ọkọ ló ń tọ́jú ẹyin yẹn?"

"Òun ni."

"Wò ó dáadáa o."

Lọ́sàn-án ọjọ́ òjò kan, igbe Ismelda gba ilé kan. Egbert rò pé oró ti ràn án, ó sáré débẹ̀ tó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó bá ìyàwó rẹ̀ tó fi iwájú orí lé gíláàsì.

"Ó pọnmọ! Baba Dayra, ó pọnmọ!"

Lóòótọ́ ni. Ọmọ dúdú kékeré onírù kan lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ìyá ọ̀pọ̀lọ́. Ìyá náà gun ewéko, ó fi ìdí wọ inú omi, ọmọ yọ́ bọ́ sílẹ̀. Ló bá padà lọ pọn òmíràn, ewé mìíràn ló sì gbé e lọ.

"Yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀!" ni Ismelda ké. "Gbogbo ọmọ tí mo bí fún ẹ, yàrá kan lo kó wọn sí!"

Nígbà tó wá rí i pé ìyá náà ń padà yí ká, tó ń yé ẹyin sínú omi ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ọmọ rẹ̀ lè rí nǹkan jẹ, omi bọ́ lójú rẹ̀, ó tún ń rẹ́rìn-ín. Ìrẹsì àti ẹ̀wà jóná lórí iná. Egbert jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀, ó ní kò tíì sí irú rẹ̀ rí.

Ìyàwó ló wá gba ọ̀pọ̀lọ́ mọ́ ọkọ lọ́wọ́. Nígbà tí àwọn ọmọ yọ ẹsẹ̀, tí wọ́n pọ́n, Ismelda ní àpótí kò gba ìdílé bí irú èyí. Ó gbin ewéko kún àgbàlá, ó ṣí ìlẹ̀kùn gíláàsì.

"Wọ́n á máa jẹ èèrà ìta o," ni Egbert wí. "Oró á padà sí wọn lára."

"Kó padà! Ṣé ọmọ tó ń gbéta kò gbọdọ̀ lè gbèjà ara ẹ̀ ni?"

Nígbà tí Dayra ọmọ wọn dé láti ìlú Colón fún ìsinmi, ìgò ọ̀gẹ̀dẹ̀ jíjẹrà ló bá nínú yàrá àwọn ọmọ. "Bàbá, kí lẹ ṣe fún Màmá mi?" Kí Egbert tó dáhùn, Ismelda ti fa ọmọ náà lọ́wọ́ lọ sí àgbàlá tòun ti ẹrù lórí.

"Rọra tẹlẹ̀ o! Wá kí àwọn àbúrò ẹ."