Lẹ́ńsì Tí Kò Lè Fa Nǹkan Mọ́ra

Mo rántí ìgbà tó jẹ́ pé gígùn lẹ́ńsì ni wọ́n fi ń mọ onífọ́tò gidi l'Ágége. Ẹni tí tirẹ̀ bá yọ síta dáadáa, òun làwọn ènìyàn ń yà lọ́nà fún. Wọ́n á gbé àga fún un, wọ́n á sì wá ọtí ẹlẹ́rìndòdò tó tutù fún un. Ẹni tí lẹ́ńsì tirẹ̀ bá kúrú, ẹ̀yìn ló ń dúró sí. Ìjọba alágbádá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fẹsẹ̀ múlẹ̀ nígbà náà, fóònù alágbèéká ti wọ ọwọ́ mẹ̀kúnnù, kámẹ́rà dìjítà sì ti ń lé fíìmù kúrò nígboro díẹ̀díẹ̀. Èmi, ọmọ olùkọ́ láti Èkìtì, tí ìyá mi ti fọkàn sí i pé màá di nọ́ọ̀sì, ni mo wà ní sítúdíò kan lẹ́bàá ojú irin, tí mò ń kọ́ṣẹ́ fọ́tò. Mo gbọ́n lójú ara mi. Mo sì gbọ́n lóòótọ́, àfi pé ẹnu mi sábà máa ń ṣáájú ọgbọ́n náà délé.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni ọ̀gá mi, Mùsùlùmí tí kì í fi ìrun ṣeré, tí kì í sì í fi iṣẹ́ ṣeré. Kámẹ́rà fíìmù ni wọ́n fi tọ́ àwọn ọmọ wọn. Wọ́n ní dìjítà wà fún àwọn tí kò lè ronú kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n wọn kò dí mi lọ́wọ́, nítorí wọ́n mọ̀ pé ibẹ̀ layé ń lọ. Ohun tí wọn kò lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn ni àṣà iṣẹ́ wa. Bí ọmọ iṣẹ́ bá fẹ́ gba fírídọ́ọ̀mù, àwọn ẹbí rẹ̀ ló ń ra irinṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n á gbé e wá síwájú ọ̀gá àti ẹgbẹ́ onífọ́tò àdúgbò, ọ̀gá á gbé ọwọ́ lé irinṣẹ́ náà, á ṣàdúrà sí i, á wá fi lé ọmọ lọ́wọ́. Irinṣẹ́ tí ọ̀gá kò bá gbé ọwọ́ lé, kò sẹ́ni tó máa pe ẹni tó ni ín síṣẹ́. Kò sí nínú ìwé òfin kankan, ó sì le ju òfin lọ.

Ìyá mi, tí wọ́n ń kọ́ni nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ọgbà, ti gbà nígbà yẹn pé ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì ti bọ́. Wọ́n kó ohun tí wọ́n ní lé mi lọ́wọ́, wọ́n ní ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́, kí n má lọ máa wo ìtẹ́ ọ̀yà. Mo bá gba ọjà kọ̀ǹpútà lọ ní Ìkẹjà.

Ọkùnrin tó ń ta kámẹ́rà gbé ọ̀kan síwájú mi, tuntun, tòun ti páálí àti báàgì dúdú, lẹ́ńsì rẹ̀ ń nà, ó ń súnkì, bí ọrùn ìjàpá. Gbogbo ará Agége ni ìbá gbé àga fún mi nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n iye kan náà lè ra kámẹ́rà tòkunbọ̀ kan tí etí rẹ̀ ti bó, àti lẹ́ńsì kékeré kan tí kò ga ju agolo tòmátò lọ. Lẹ́ńsì yìí kì í nà, kì í súnkì, ibi tó bá wà náà ló wà. Ohun tó ní ni ojú tó fẹ̀, tó ń gba ìmọ́lẹ̀ wọlé. Mo tẹ̀ ba, mo fi ya abẹ́ tábìlì ọkùnrin náà, níbi tí wáyà àti bàtà wà nínú òkùnkùn. Láìtan fíláàṣì, mo rí okùn bàtà rẹ̀ kedere. Mo fi lẹ́ńsì gígùn ya ibì kan náà, ó dúdú, ó sì rí wúruwùru.

Ọkùnrin náà ní, “Àǹtí, èyí ò lè fa nǹkan mọ́ra o. Ẹni tó bá dúró lọ́ọ̀ọ́kán ńkọ́?”

Mo ní, “Màá rìn lọ bá a. Ẹsẹ̀ mi ló máa fà á mọ́ra.”

Ó rẹ́rìn-ín títí, ó sì ké sí aládùúgbò rẹ̀ pé kó wá wo oníbàárà tó gbé ẹsẹ̀ wá sọ́jà. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, mo sì san owó mi.

Kì í ṣe agídí lásán. Ká ní GRA Ìkẹjà ni wọ́n ń pè mí sí, níbi tí pálọ̀ ti fẹ̀ bí pápá, tí jẹnẹrétọ̀ kì í sì í sùn, ǹ bá ra èyí tó gùn. Ṣùgbọ́n iyàrá kan ni ti àwọn oníbàárà wa, bẹ́ẹ̀dì, kọ́bọ́ọ̀dù àti èrò rẹpẹtẹ nínú rẹ̀, fèrèsé kan, iná ìjọba sì ti lọ láti àná. Fíláàṣì á sọ ojú gbogbo wọn di àwo funfun. Kí ni mo fẹ́ fà mọ́ra nínú iyàrá tí orúnkún mi ti ń kan ti oníbàárà?

Gbogbo rẹ̀ ni mo rò fún ọ̀gá mi nígbà tí mo gbé kámẹ́rà náà dé iwájú wọn. Wọ́n gbọ́ ọ délẹ̀, wọ́n yí lẹ́ńsì náà síwá sẹ́yìn, wọ́n ní, “Ohun tó o sọ kò burú. Ṣùgbọ́n tí mo bá gbé ọwọ́ lé èyí níwájú ẹgbẹ́, wọ́n á ní ìdajì iṣẹ́ ni mo kọ́ ẹ. Dá a padà.”

Ìbá sàn kí wọ́n bú mi. Ẹ̀rù bà mí gidigidi, torí oúnjẹ mi wà ní àtẹ́lẹwọ́ wọn, mo sì mọ̀ pé wọn kì í yí ọ̀rọ̀ wọn padà bọ̀rọ̀. Ìyá mi náà ní kí n dá a padà, kí n má fi ọgbọ́n orí mi ba ọjọ́ ayọ̀ jẹ́. Mo ní mo ti gbọ́. Mi ò dá a padà. Mo ń gbé e kiri nínú àpò mi, mò ń fi ya ohunkóhun tó bá wà nínú ibòji: àwọn alápatà tó ń pọ́n ọ̀bẹ lábẹ́ àtíbàbà ní Oko Ọba, ìyá mi tí wọ́n ń sàmì sí ìwé àwọn ọmọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fìtílà. Ó ń dá mi lójú sí i lójoojúmọ́, ọjọ́ fírídọ́ọ̀mù mi sì ń sún mọ́lé.

Àárín ìgbà yẹn ni ọmọbìnrin ọ̀gá mi bímọ láìpé oṣù. Inú àpótí ìmóoru ní ọsibítù ni ọmọ náà wà fún ìgbà pípẹ́ kí wọ́n tó gbé e wá sílé ní Oko Ọba, ara rẹ̀ kò sì tíì dá ẹnikẹ́ni lójú. Ọ̀gá mi ní kí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ, kí àwọn ẹbí péré péjọ nínú iyàrá. Ọ̀gá mi ni bàbá àgbà, wọn kò lè máa ya fọ́tò lọ́jọ́ yẹn, wọ́n bá bẹ ọ̀rẹ́ wọn kan ní Ọgbà, onífọ́tò tí lẹ́ńsì rẹ̀ gùn, tó sì ní fíláàṣì ńlá. Èmi wá bá wọn to àga.

Bí ọkùnrin náà ṣe tan fíláàṣì rẹ̀ dánwò lẹ́nu ọ̀nà ni ìyàwó ọ̀gá mi dìde. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, àgbà sì ni wọ́n. Wọ́n ní ojú ọmọ yìí kò tíì gbó, kò sí ẹni tó máa tan mànàmáná sí i. Onífọ́tò náà pa fíláàṣì, ó gbìyànjú, gbogbo rẹ̀ dúdú. Ọ̀gá mi wo fèrèsé, wọ́n wo kámẹ́rà fíìmù tiwọn tó wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù. Wọ́n mọ̀ ju gbogbo wa lọ pé oòrùn ni fíìmù inú rẹ̀ wà fún. Àlùfáà ń dúró. Kò sẹ́ni tó fẹnu sọ ọ́, ṣùgbọ́n gbogbo wa la mọ ìdí tí wọ́n fi fẹ́ fọ́tò ọmọ yẹn lọ́jọ́ náà gan-an, tí wọn kò lè ní ó di ọjọ́ mìíràn.

Ọ̀gá mi wá kọjú sí mi. “Ṣé ó wà nínú àpò ẹ?”

Ó wà níbẹ̀. Mo ní kí ìyá ọmọ sún sí etí bẹ́ẹ̀dì lọ́dọ̀ fèrèsé, mo ká kọ́tìnnì sókè, mo kúnlẹ̀. Orúnkún ni mo fi ń rìn láàárín kọ́bọ́ọ̀dù àti ẹsẹ̀ àlùfáà. Ọmọ náà kò gùn ju búrẹ́dì kan lọ. Nígbà tí wọ́n gbé e fún ọ̀gá mi, tí àlùfáà tẹ̀ síwájú láti pe ìrun sí i létí, ọmọ náà na ọwọ́, ó di ìka bàbá àgbà rẹ̀ mú. Mo sún mọ́ ọn títí mo fi ń gbọ́ bó ṣe ń mí, mo sì tẹ̀ ẹ́.

Lẹ́yìn àdúrà, ọ̀gá mi gba kámẹ́rà náà, wọ́n ti awò ojú wọn sókè síwájú orí, wọ́n tẹjú mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Wọ́n ní, “Ó rí i.” Wọ́n dá a padà fún mi, wọ́n sì bọ́ síta.

Lọ́jọ́ fírídọ́ọ̀mù mi, ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ kùn pé lẹ́ńsì yìí mà kúrú. Ọ̀gá mi ní abẹ́rẹ́ náà kéré, kí ó lọ sọ fún adìẹ kó gbé e mì. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbé ọwọ́ lé kámẹ́rà mi, wọ́n ṣàdúrà sí ojú mi, wọ́n ṣàdúrà sí ọwọ́ mi, wọ́n wá fi ohun tí n kò gbọ́ rí nínú àdúrà fírídọ́ọ̀mù kankan kún un. Wọ́n ní kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹsẹ̀ mi kọ iṣẹ́. Ìyá mi ló kọ́kọ́ ṣe àmín.

Kámẹ́rà tòkunbọ̀ náà ti kú tipẹ́, mo sì ti ra oríṣiríṣi lẹ́ńsì lẹ́yìn rẹ̀, àwọn tó gùn pàápàá, torí wọ́n ti ń pè mí sí GRA náà báyìí, wọ́n sì ń gbé àga fún mi. Lẹ́ńsì kékeré yẹn ṣì wà. Nígbà mìíràn mo máa ń rò ó pé owó kékeré ló jẹ́ kí n ronú dáadáa. Ká ní ìyá mi lówó ju bẹ́ẹ̀ lọ, bóyá èyí tó gùn, tòun ti báàgì dúdú rẹ̀, ni ǹ bá rà.

Láìpẹ́ yìí, ọmọ ọjọ́ náà wọ sítúdíò mi. Ó ti ga jù mí lọ. Yunifásítì ló ń lọ, ó ní òun kò ní lọ láìya fọ́tò. Bàbá àgbà rẹ̀ ló tẹ̀ lé e wá, wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọ̀pá wọn. Mo mú lẹ́ńsì kékeré náà, mo ní kó lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Orúnkún ti ń dùn mí lọ́jọ́ orí yìí, mo bá rọra dúró sí ọ̀ọ́kán, mo ní yóò ṣe é ṣe.

Ọ̀gá mi kan ọ̀pá mọ́lẹ̀. Wọ́n ní, “Sún mọ́ ọn. Àbí ẹsẹ̀ ti kọ iṣẹ́ ni?”

Mo ní rárá o, sà. Mo sì sún mọ́ ọn.