Fèrèsé Ìyá Táyé

Èmi ni mo po sìmẹ́ńtì tí a fi dí fèrèsé Ìyá Táyé lónìí.

Mi ò mọ̀ pé tiwọn ni.

Láti àárọ̀ la ti ń tún gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ wa tó wà létí odò ní Abuloma ṣe nítorí àpéjọ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Fèrèsé kan wà nísàlẹ̀ ògiri, kò ga ju orúnkún lọ. Bíríkìlà wa wò ó, ó ní, "Who put window for ground? Na mistake be dis."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. A fi búlọ́ọ̀kù dí i.

Ìgbà náà ni Bàbá Táyé wọlé, àgbà bíríkìlà tó kọ́ gbọ̀ngàn náà lẹ́yìn ogun abẹ́lé. Wọ́n fọwọ́ pa ògiri náà jẹ́jẹ́.

"Iṣẹ́ yín mọ́. Ẹsẹ̀ Ìyá Táyé ò gbé e, orí ẹní ló máa ń jókòó sí nípàdé láyé ìgbà yẹn. Mo fi fèrèsé síbẹ̀ kí atẹ́gùn odò lè máa fẹ́ sí i lára."

Ìyá tí a sin lọ́dún tó kọjá!

Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká fọ́ ọ."

"Fi í sílẹ̀, ọmọ mi. Ta ló tún fẹ́ jókòó síbẹ̀?"

Ẹ̀rín tí mo rín yẹn ló ń dùn mí jù.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ká fọ́ ọ ni, àbí ká gbọ́ ti Bàbá? Ẹ tètè dá mi lóhùn, kí sìmẹ́ńtì yẹn tó gbẹ.