Ọbẹ̀ Elégédé tí Kúùkù Sè fún Mètírọ́nù

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Kúùkù fi dáná ní ilé ìwòsàn ńlá, débi pé kò sẹ́ni tó rántí orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ mọ́. Ọmọ rẹ̀ pàápàá, tó ń ka mítà omi láti ojúlé dé ojúlé, máa ń kìlọ̀ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé, "Ẹ má sọ̀rọ̀ oúnjẹ lójú Kúùkù o, ẹ óò jẹ̀bi." Obìnrin kúkúrú ni, ọwọ́ rẹ̀ nípọn. Aṣọ funfun kan kì í kúrò lórí rẹ̀ bó bá ti wọ ilé ìdáná, àfi bíi pé nọ́ọ̀sì kan ṣì lè yọjú nígbàkúùgbà láti wá yẹ èékánná rẹ̀ wò.

Òfin méjì ló kó ti ilé ìwòsàn wá sílé ọmọ rẹ̀. Alásè ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jẹ ṣíbí kan níṣojú ẹni tó fẹ́ jẹun. Ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ la ẹnu lórí ìkòkò tí kì í ṣe tirẹ̀.

Oṣù kìíní tí ìyàwó ọmọ rẹ̀ dé ilé yẹn ló kọ́ òfin kejì. Aránṣọ ni ìyàwó náà, ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sì wà ní pálọ̀ títí dòní. Lọ́jọ́ náà, ó yọjú sí ilé ìdáná, ó ní, "Ìyá, ó jọ pé alùbọ́sà yẹn ti ń jó." Kúùkù yíjú padà, ó sì fi ṣíbí igi gbígbóná tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ gbá a lẹ́nu.

"Ẹni tí kò mọ iyọ̀ yàtọ̀ sí yanrìn ló fẹ́ kọ́ mi lọ́bẹ̀."

Ọkọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ètè obìnrin náà bó, ó jinná, ó sì fi àpá kékeré kan sílẹ̀. Ọdún kẹsàn-án rèé. Láàárín ọdún mẹ́sàn-án yẹn, ìgbàkígbà tí ìyàwó bá dáná tí àlejò bá wà nílẹ̀, Kúùkù á tọ́ ọ wò, á ṣe ojú bákan, á sì da gbogbo rẹ̀ sínú síǹkì. "Ẹ má bínú," á sọ fún àlejò, "ìyàwó wa ò mọ̀ ju aṣọ lọ. Bóyá òwú ló fi sè é." Àlejò á rẹ́rìn-ín. Ìyàwó náà á rẹ́rìn-ín, nítorí kí ni yóò ṣe?

Oṣù méje sẹ́yìn, ọ̀fìnkìn pẹ̀lú ibà dá Kúùkù dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Nígbà tí ibà náà ń lọ, ó kó òórùn àti adùn dání lọ bí olè. Kúùkù dìde lórí ibùsùn, ó fi iyọ̀ sẹ́nu, yanrìn ni. Ó fi ṣúgà sẹ́nu, yanrìn ni. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi etí àti ojú dáná: ó ń fi ṣíbí kékeré wọn iyọ̀, ó ń gbọ́ bí alùbọ́sà ṣe ń sọ̀rọ̀ nínú òróró, ó ń wo àwọ̀ omi ọbẹ̀. Ẹni tó ti rin ọ̀nà kan fún ọgbọ̀n ọdún, bó bá fọ́jú, á ṣì délé. Oúnjẹ rẹ̀ dùn síbẹ̀. Ọmọ rẹ̀ kò fura.

Ìyàwó ló mọ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ti ọjà dé, òórùn gáàsì sì pàdé rẹ̀ lẹ́nu géètì. Ó sáré wọlé. Kúùkù jókòó ti sítóòfù, ó ń ṣa ẹ̀wà, ó ń kọrin. Ìyàwó ti ẹnu gáàsì pa, ó ṣí fèrèsé sílẹ̀ gbayawu.

"Kí lo ń ṣí fèrèsé sí? Òtútù ń mú mi."

"Ooru ló mú mi, Ìyá."

Ó padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Kò sọ fún ọkọ rẹ̀. Ó kó ọ̀rọ̀ náà pamọ́ bí ẹni ń kó aṣọ olówó iyebíye sí ìsàlẹ̀ àpótí, tó ń dúró de ọjọ́ tí yóò wọ̀ ọ́.

Ọjọ́ náà dé nígbà tí Mètírọ́nù, olórí àwọn nọ́ọ̀sì níbi iṣẹ́ Kúùkù àtijọ́, ránṣẹ́. Ó ti fẹ̀yìn tì nílé ìwòsàn, ó sì ṣí ilé kan tí àwọn arúgbó aláìlera ń gbé. Ó ń wá olórí kúùkù. Yàrá kan wà lẹ́yìn ilé ìdáná ibẹ̀, tòun ti ilẹ̀kùn àti kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀. "Màá wá jẹun lọ́sàn-án Sátidé," ló wí. "Ọbẹ̀ elégédé tó o máa ń sè fáwọn tí ò lè jẹ ẹran lẹ́nu, òun ni kó o sè. Bọ́wọ́ rẹ bá ṣì wà bó ṣe wà, iṣẹ́ ti bọ́ sí i."

Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni Kúùkù fi ń di ẹrù. "Màá ní yàrá tèmi," ó ń sọ ọ́ kí ìyàwó lè gbọ́. "Màá kúrò lábẹ́ òrùlé tí wọ́n ti ń fi òwú sebẹ̀."

Láàárọ̀ Sátidé, ó bọ́ sẹ́yìn ilé. Elégédé kan ti fúnra rẹ̀ hù lórí ààtàn, láti ara èso tó dànù níbẹ̀. Ó tóbi, ó pọ́n, ó rẹwà ju ti ọjà tó wà nílẹ̀ lọ. Kúùkù mọ̀ dájú pé elégédé orí ààtàn kì í ṣe ohun tí à ń gbà gbọ́ láìtọ́ ọ wò ní tútù, nítorí òmíràn máa ń korò bí jogbo. Òun gan-an ló fi ọ̀rọ̀ yẹn kọ́ gbogbo àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀. Nítorí náà, ó là á, ó gé ẹyọ kan bí èékánná, ó sì jù ú sẹ́nu.

Ìyàwó dúró nídìí síǹkì, ó ń fọ abọ́. Ojú méjèèjì pàdé.

Kúùkù jẹ ẹ́ lẹ́nu díẹ̀díẹ̀. Bó bá ní kí ìyàwó bá òun tọ́ ọ wò, àṣírí tú. Bó bá lọ mú ti ọjà, ìyàwó á béèrè ohun tó ṣe eléyìí. Ó gbé e mì, ó mi orí.

"Ó dáa."

Nígbà tó kọ̀yìn láti tan ààrò, ìyàwó mú ègé kan, ó fi kan ahọ́n. Ìkorò náà dì í lọ́nà ọ̀fun mú. Ó tu itọ́ sínú síǹkì, ó sì ṣí ẹ̀rọ omi lé e lórí.

Kúùkù fi òróró pa elégédé náà lára, ó sun ún nínú ààrò títí etí rẹ̀ fi dúdú díẹ̀. Ó yọ́ bọ́tà, ó da alùbọ́sà sí i, ó tẹ́tí sí i, ó dín iná kù. Ó kó elégédé náà sí i, ó da omi egungun adìẹ lé e. Kò gba ẹ̀rọ ìlọta láyè. Asẹ́ àti ṣíbí igi ló fi jọ̀ ọ́, lẹ́ẹ̀mejì, títí ó fi ń yọ̀ bọ̀rọ́bọ̀rọ́ bí aṣọ sílíìkì. Lẹ́yìn náà ló da ọ̀rá wàrà sí i yíká, ọbẹ̀ náà sì tàn bí òòrùn àárọ̀. Ìyàwó ń wò ó. Ó rẹwà gan-an.

"Ìyá…"

"Ta ló ń sọ̀rọ̀ lórí ìkòkò mi?"

Ìyàwó fi ìka kan àpá ètè rẹ̀. "Kò sí nǹkan. Mo ní kí n lọ nu tábìlì ni."

Mètírọ́nù dé láago kan, ó ga, ó gbẹ, ó mú báàgì dání. Ó yẹ ọwọ́ Kúùkù wò kó tó jókòó, àwọn méjèèjì sì rẹ́rìn-ín. Kúùkù bu ọbẹ̀ fún un àti fún ọmọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló na ẹ̀yìn rẹ̀ gbọnrangandan, ó sì jẹ ṣíbí kan tó kún dẹ́dẹ́.

"Iyọ̀ rẹ̀ pé, Mètírọ́nù. Ọ̀rá rẹ̀ ò pọ̀ jù."

Wọ́n jẹ ẹ́. Ọmọ rẹ̀ tu tirẹ̀ sínú abọ́. "Kí lèyí? Màmá, ṣé ẹ fẹ́ pa wá ni?"

Mètírọ́nù tu tirẹ̀ sínú áńkáṣífù, ó mu omi, ó sì wo Kúùkù bó ṣe máa ń wo aláìsàn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé dé.

"Kúùkù, tún jẹ ṣíbí kan."

Ó jẹ ẹ́.

"Báwo ló ṣe rí?"

"Ó dùn, mà."

"Láti ìgbà wo?"

Kúùkù gbé ṣíbí rẹ̀ sílẹ̀. "Láti ìgbà wo ni kí ni?"

"Ọbẹ̀ yìí korò ju òróòro lọ. Ewúrẹ́ ò ní jẹ ẹ́."

"Ẹ jókòó díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Elégédé ọjà wà nílẹ̀. Kí n tún un sè."

"Ọwọ́ rẹ ò yingin," Mètírọ́nù wí, ó sì dìde. "Ṣùgbọ́n àwọn tó wà lọ́dọ̀ mi, ohun tí a bá fi sí wọn lẹ́nu ni wọ́n ń gbé mì. Wọn ò lágbára láti tu ú." Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú sí aránṣọ. "Ìyàwó, da ọbẹ̀ yẹn nù, inú rírun ni. Ìwọ ni kó o máa dáná nílé yìí látòní lọ."

"Ẹ ṣé, mà."

Géètì pa dé. Ọmọ Kúùkù ń fi omi ṣan ẹnu nídìí síǹkì. Kúùkù wo ìyàwó títí.

"O tọ́ ọ wò."

"Láti àárọ̀, Ìyá."

"Kí ló dé tó ò wí?"

"Ẹ ní a kì í la ẹnu lórí ìkòkò yín."

Lọ́jọ́ Àìkú, ìyàwó ló wà nídìí iná. Ẹrù Kúùkù ṣì wà ní dídì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Nígbà tí ọkọ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì ti jókòó, ìyàwó gbé ìkòkò ọbẹ̀ wá sórí tábìlì, ó fi ṣíbí bu omi rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí ìyá ọkọ rẹ̀, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

"Ìyá, ẹ bá wa tọ́ ọ wò. Kí ló kù ú kù?"

Ọkọ rẹ̀ ti fọwọ́ bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń mì fún ẹ̀rín. Kúùkù mu ún. Ó wo àwọ̀ ohun tó ṣẹ́kù lójú ṣíbí.

"Iyọ̀," ó ní. "Díẹ̀."

Ìyàwó na ọwọ́ sórí ìkòkò, ó sì ń fi ìka gbọn nǹkan sí i, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ọwọ́ náà ṣófo. Kúùkù rí i pé ó ṣófo.

"Ẹ tún tọ́ ọ wò, Ìyá. Ṣé ó ti pé?"

Ó tún mu ún.

"Ó ti pé," ni Kúùkù wí.