Oríkèé Kan Tí Pulọ́ńbà Ò Lẹ̀

Ọgbọ̀n ọdún gbáko ni pulọ́ńbà fi ń kìlọ̀ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ pé kí wọ́n má gbin igi sẹ́bàá páìpù ilé ìgbọ̀nsẹ̀. "Òùngbẹ ló ń gbẹ gbòǹgbò," ni yóò wí. "Bó bá ti gbóòórùn omi, ó ń bọ̀ nìyẹn." Ọ̀rọ̀ náà ti sú wọn, àmọ́ wọn ò lè já a nírọ́.

Igi máńgòrò wá ń bẹ lórí páìpù tirẹ̀ nílé. Ìyàwó rẹ̀ ló gbìn ín lọ́dún tí wọ́n kó wọlé. Abẹ́ rẹ̀ ni ìyàwó yìí, ìyá àwọn ọmọ, ti ń ránṣọ, ibẹ̀ ni àbíkẹ́yìn wọn ti kọ́ ABD. Lọ́dọọdún ni ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ń dí, lọ́dọọdún ni pulọ́ńbà ń ti irin gígùn bọ páìpù láti gé gbòǹgbò, tí yóò máa ṣépè fún igi tí ò létí.

Lọ́dún yìí, omi ìdọ̀tí ru jáde níṣojú àwọn àna wọn tó wá kí wọn. Ìtìjú ọ̀hún, ẹ má wulẹ̀ bi mí.

"Ó tó gẹ́ẹ́," ni pulọ́ńbà, baba ilé, wí. "Lọ́la, mò ń gé e."

Ìyá dìde. Ó gbé máṣíìnì ìránṣọ rẹ̀ wọlé, ó rọra ti ilẹ̀kùn. Ìyẹn ba baba lẹ́rù ju ariwo lọ.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó kọ́kọ́ gbẹ́ ilẹ̀ débi páìpù. Páìpù ò fọ́ rárá. Oríkèé kan ṣoṣo, níbi tí páìpù méjì ti pàdé, ni gbòǹgbò gbà wọlé, ó ṣù bí irun tí wọn ò yà lọ́dún kan. Baba fọwọ́ kan oríkèé náà. Kò sí gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń lẹ páìpù níbẹ̀. Ó wá rántí: lọ́jọ́ tó ri páìpù yìí mọ́lẹ̀, gọ́ọ̀mù tán, ìyàwó ń pè é wá jẹun, ó ní òun á padà wá lẹ̀ ẹ́. Ọdún kejìlélógún rèé.

Bí ògiri ò lanu, aláǹgbá ò lè wọbẹ̀. Òun náà ló máa ń fi òwe yìí bá àwọn oníbàárà wí. Bó bá bò ó mọ́lẹ̀ báyìí, ta ni yóò mọ̀? Igi á kú, ẹjọ́ á tán. Ó wo ayùn. Ojú tì í débi pé ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ẹni tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Ó pe ìyá, ó jẹ́wọ́.

Ìyá wo inú ihò náà. "Bàbá àwọn ọmọ, ṣé ẹ mọ ìdí tí mo fi gbin igi síbí? Ibí nìkan ni ilẹ̀ rẹ̀ máa ń tutù lọ́jọ́ ẹ̀ẹ̀rùn. Mo rò pé Ọlọ́run ló ń bomi rin ín."

Baba ri páìpù tuntun gba ẹ̀yìn ilé, ó fi gọ́ọ̀mù sí oríkèé kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì, ìyá dúró tì í, ó ń ka oríkèé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ilẹ̀ abẹ́ igi wá gbẹ. Láràárọ̀ báyìí, garawa méjì, pulọ́ńbà ló ń pọnmi fún máńgòrò.